Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Lóríta

Aago márùn-ún ìdájí ti kọjá díẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbáà tán, ni fóònù mi dún. Ọ̀dọ̀fin ìlú wa ni. Kò kí mi, kò béèrè ará ilé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó máa ń kí èèyàn títí owó fóònù yóò fi tán ni. "Tíṣà, ẹ máa bọ̀ nílé. Àwọn ọmọ yìí ti fa Bàbá lulẹ̀ lóríta." Mo ní Bàbá wo? Ó dákẹ́ díẹ̀. "Èyí tó dúró síbẹ̀."

Gáà-Akáńbí ní Ìlọrin ni mo ń gbé látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìtàn ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo bọ́ sí Gáréèjì Ọ̀fà, ọkọ̀ gbé mi gba Gánmọ̀ àti Ìdófìàn dé Àjàsẹ́-Ìpo, mo tún ọkọ̀ wọ̀ níbẹ̀. Orúkọ ìlú náà kò ní jáde nínú àkọsílẹ̀ yìí, torí àwọn ọmọ tọ́rọ̀ kàn ṣì ń wáṣẹ́. Ilẹ̀ Ìgbómìnà ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n.

Tírànsífọ́mà ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Tiwa jó lọ́jọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó dún gbòlà, epo inú rẹ̀ sì ń ṣàn wọ kòtò. Àwọn àgbà ní tá a bá ń retí àwọn tó ni iná, ọmọ tá a bí lónìí yóò gbéyàwó nínú òkùnkùn. Ìlú wá dáwó: ₦2,000 lórí ọkùnrin, ₦1,000 lórí obìnrin, àwọn tó wà lẹ́yìn odi san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà san, rìsíìtì mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Owó ti ń pé bọ̀ kí Kábíyèsí tó pé ọdún mẹ́wàá lórí ìtẹ́, ni àwọn ìgbìmọ̀ ayẹyẹ bá ní ìlú tó lajú gbọ́dọ̀ ní ère lóríta. Wọ́n yá owó tírànsífọ́mà. "A ó dá a padà" ni wọ́n kọ síwèé. Ère bàbá Kábíyèsí, tó wàjà ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n mọ: adé lórí, ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, bàtà ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó kọjú sí ọjà. Wọ́n to gílóòbù yí i ká. Kò wá síná tí yóò tan gílóòbù ọ̀hún.

Oṣù mẹ́fà ló lò lórí ìdúró.

Ìyá alákàrà tí ilé rẹ̀ kọjú sí oríta ló sọ fún wa bó ṣe lọ. Òru Jímọ̀ mọ́jú Sátidé ni, ó jí láti wo ẹ̀wà tó rẹ sómi. Ó ní wọ́n tó mọ́kànlá, wọn ò pariwo, wọn ò kọrin. Okùn tí àwọn onítípà fi ń fa ara wọn jáde nínú ẹrẹ̀ ni wọ́n mú dání. Ọ̀kan nínú wọn gun ère náà dé èjìká, ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀ kó tó lọ bá àwọn tó kù di okùn mú.

"Ó dọ̀bálẹ̀?" Ẹ̀sà, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ìlú wa, ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Ó dọ̀bálẹ̀, Bàbá. Ó ní kí Kábíyèsí má bínú."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fà á. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó kán lórúnkún.

Nígbà tí mo dé oríta, oòrùn ti mú. Ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí ìpìlẹ̀ tàwọn ti bàtà ìlẹ̀kẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹni tó ni wọ́n fẹ́ padà wá wọ̀ wọ́n. Ìyókù ti nà sílẹ̀, orí ti yí wọnú gọ́tà, ọwọ́ tó di ìrùkẹ̀rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ibi tó ti kán. Mo fi èékánná ha á, ó ń dà wúúrú bíi gààrí. Iyanrìn pọ̀ ju sìmẹ́ńtì lọ fíìfíì. Inú ikùn rẹ̀, àpò sìmẹ́ńtì òfìfo ni bíríkìlà ká rúgúrúgú dí i, pẹ̀lú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ìka méjì mú irin tó yọ síta. "Dádì, ẹ wò ó. Irin mílímítà mẹ́jọ nìyí." Mo ti rí ìwé ìnáwó wọn ṣáájú ìgbà náà. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n kọ síbẹ̀, owó mẹ́rìndínlógún náà ni wọ́n sì gbà. Kò sí odítọ̀ tí ìlú ìbá pè tí yóò rí ohun tí àwọn ọmọ mọ́kànlá fi okùn rí lóru ọjọ́ kan. Mi ò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe dára o. Mo ń sọ ohun tí mo rí ni.

Ìlú yan ìgbìmọ̀ ẹni méje, Ẹ̀sà ni alága, èmi ni akọ̀wé. Gbọ̀ngàn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti jókòó. Gbogbo ọjọ́ àkọ́kọ́, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la wà. Mo kọ ọ́ sókè ìwé pé "Ìwádìí lórí ère Ọba tó ṣubú". Ẹ̀sà ní kí n pa á rẹ́, ọba kì í ṣubú. Mo kọ "tó wó". Ọ̀dọ̀fin ní ilé ló ń wó. "Tó fọ́" ńkọ́? Wọ́n ní ìkòkò ni. Ẹnì kan dábàá "tó wàjà", ni gbogbo ilé bá bò ó: ọba yìí ti wàjà rí, ọba kan kì í wàjà lẹ́ẹ̀mejì, tó bá sì jẹ́ pé ó wàjà lóòótọ́, kí ló dé tí ọjà ṣí láàárọ̀ yìí? Níkẹyìn a fẹnu kò sórí "Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóríta". Òun ló wà lórí ìwé náà títí di ìsinsìnyí.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo délé. Àmọ́ nígbà tí mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún un torí pé ọba wa kì í dúró lóríta kí gbogbo ayé máa wò ó lójú. Ọba gidi gan-an, ìlẹ̀kẹ̀ adé ló bo ojú rẹ̀. Ọba tí àwọn baba wa bá sì kọ̀, wọn ò wá okùn. Igbá ni wọ́n gbé sí i. Ìlọrin tí mo ń gbé yìí wà nínú ìtàn irú rẹ̀ tó lókìkí jù. Láàárín nǹkan bí ọdún 1790 sí 1800, Àfọ̀njá tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tó tẹ̀dó sí Ìlọrin, àti àwọn olórí ogun ẹgbẹ́ rẹ̀ kẹ̀yìn sí Aláàfin Aólẹ̀, wọ́n fi igbá òfìfo tí wọ́n dé lórí ránṣẹ́ sí i. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí: wọ́n ní kó kú ni. Kó tó gbé májèlé jẹ, ó ta ọfà sọ́nà mẹ́ta, ó fọ́ àwo mọ́lẹ̀, ó ní igbá tó fọ́ ṣeé dì, àwo tó fọ́ kò ṣeé dì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òun yóò rí. Ẹni tó wà láàyè ni wọ́n ń gbé igbá fún, òun náà á sì fèsì. Ère kò lè fèsì.

Ọjọ́ kejì ni àwọn ọmọ wọlé. Ọmọbìnrin kan ló ṣe agbẹnusọ wọn, ó wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì. Ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan tán, ó wá sọ fún wa lórí ìkúnlẹ̀ pé òun kò tọrọ àforíjì. Ó ní àwọn kọ́ ni àkọ́kọ́. Ó ní ní ọdún 1776, àwọn ará Amẹ́ríkà fa ère ọba Gẹ̀ẹ́sì lulẹ̀ ní New York, wọ́n yọ́ ọ, wọ́n fi ọba rọ ọta, ọta yẹn ni wọ́n fi gbòmìnira.

Ẹ̀sà yíjú sí mi. "Tíṣà, ṣé òótọ́ ni?"

Òótọ́ ni. Mo gbé bírò sílẹ̀, mo sì di olùkọ́ padà. Ọba George Kẹta ni. Òjé ni wọ́n fi ṣe ère náà, wọ́n fi wúrà bò ó lára, ọba jókòó lórí ẹṣin. Joseph Wilton ló ṣe é ní London. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Keje ọdún 1776, wọ́n ka Ìkéde Òmìnira sétígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ ogun George Washington, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, ní New York. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn ṣọ́jà àti aráàlú rọ́ lọ sí Bowling Green níbi tí ère náà wà, wọ́n so okùn mọ́ ọba àtẹṣin, wọ́n fà wọ́n lulẹ̀. Wọ́n gé orí ọba. Wọ́n kó èyí tó pọ̀ nínú òjé náà lọ sílé Oliver Wolcott, ọ̀kan nínú àwọn olórí Amẹ́ríkà, ní Litchfield, ní Connecticut, àwọn ọmọ rẹ̀ àti aládùúgbò sì jókòó ti iná, wọ́n ń rọ ọta. Wọ́n kà á: 42,088.

"Ẹgbàá lọ́nà mọ́kànlélógún lé méjìdínláàádọ́rùn-ún," ni Ọ̀dọ̀fin wí. Oníṣòwò obì ni tẹ́lẹ̀, ìṣirò kì í bá a níbùsùn.

Mo sọ fún wọn pé Washington kò yìn wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ ọ́ sínú àṣẹ tó pa fún ogun pé òye ohun tó mú wọn ṣe é yé òun, ṣùgbọ́n ó jọ ìjàgboro jù, kí wọ́n fi irú ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ mìíràn. Àwọn àgbà mi orí, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn. Ọ̀dọ̀fin bi mí pé kí ló wá ṣe ọba fúnra rẹ̀. Mo ní kò ṣe é ní nǹkan kan, òkun wà láàárín wọn. 1820 ló tó kú, ọdún mẹ́rìnlélógójì lẹ́yìn tí ère rẹ̀ ti di ọta. Ẹ̀sà ní kí ló kù lára ère náà. Mo ní wọ́n rí àwọn wóróbo kan lẹ́yìn náà, ìrù ẹṣin wà nínú wọn, ó wà ní mùsíọ́mù ní New York.

Ẹ̀rín pa bàbá náà débi pé ó fi aṣọ nu ojú. "Ìrù ẹṣin! Ẹ ò rí i? Ìrùkẹ̀rẹ̀ ló kù!"

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń lọ ṣì kù, mo sì yíjú sí ọmọbìnrin náà. Ó mọ̀ pé ère di ọta, kò mọ ẹni tó ní kí wọ́n gbé ère wá. Àwọn ará New York fúnra wọn ni. Ní 1766, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fagi lé owó sítáńbù tí wọ́n fi lé wọn lórí, inú wọn dùn, wọ́n ní àwọn yóò gbé ère ọba kalẹ̀ láti fi dúpẹ́. Ère ṣì wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọnà ni owó orí tuntun tún dé ní 1767. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dúró ní 1770, ọpẹ́ ti tutù lẹ́nu wọn. Ní 1771, wọ́n ní láti fi irin ṣe ọgbà yí i ká kí wọ́n má baà ṣe é léṣe. Ọgbà irin yẹn ṣì wà níbẹ̀ lónìí, ojú ibi tí wọ́n ti rẹ́ ṣóńṣó orí rẹ̀ sì hàn. Ọdún mẹ́wàá péré ló wà láàárín ọpẹ́ àti okùn. Mo ní, "Ọmọ mi, ẹni tó san owó ère ló ń fà á. Tiyín náà, owó yín ló wà níkùn ẹ̀." Ó ní, "Owó tírànsífọ́mà ni, sà." Mo ní ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn.

Ó wá yọ bébà kan nínú báàgì, ó fi sórí tábìlì, owó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti ta irin tó yọ nínú ère náà fún àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́mù. ₦4,300 ni. Ó kọ ọ́ sí ara bébà náà pé: "Owó tírànsífọ́mà, ìdápadà àkọ́kọ́." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alága ìgbìmọ̀ ayẹyẹ, tó ti ń kùn látàárọ̀, wo ilẹ̀.

Mo rò pé ìjókòó ti parí nìyẹn. Ẹ̀sà ló tún ṣí ojú ọgbẹ́ mìíràn. Ó bi àwọn ọmọ náà bóyá wọ́n mọ ẹni tí wọ́n fà. Wọ́n ní bàbá Kábíyèsí. Ó ní, "Ta ni í?" Wọ́n dákẹ́. Bàbá náà wá sọ ọ́. Ọba yẹn ló mú iná wọ ìlú. Ó ta oko obì, ó ń lọ sí Ìlọrin, ó ń bọ̀, ó ń sùn sílé ẹbí lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ní kó padà wá lọ́la, títí wọ́n fi ri òpó. Alẹ́ ọjọ́ tí iná kọ́kọ́ tàn, ó jáde síta ààfin láìdé adé, ó ń wo gílóòbù bí ọmọdé. "Nítorí iná lẹ ṣe fà á lulẹ̀," ni Ẹ̀sà wí, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n, "ẹni tó fún wa níná."

Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ lóru yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi náà ò mọ ibi tí mo lè kọjú sí, torí mo mọ ìtàn náà, mo sì wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èmi tíṣà ìtàn kò sọ ọ́ fún ọmọ kankan ní kíláàsì. Ìtàn Jámánì ni mo ń kọ́ wọn.

Mo ní irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Faransé. Ní 1793, lẹ́yìn tí wọ́n ti dojú ìjọba ọba dé, wọ́n já ère ọba méjìdínlọ́gbọ̀n lulẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame ní Paris, wọ́n gé orí wọn, wọ́n ní ọba Faransé ni gbogbo wọn. Àwọn ọba Júdà inú Bíbélì ni. Ní 1977, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ nínú ọgbà ilé kan, wọ́n rí mọ́kànlélógún nínú àwọn orí náà, wọ́n sì wà ní mùsíọ́mù Cluny báyìí.

Ọ̀rọ̀ ìyà ló gba ọjọ́ kẹta. Alága ayẹyẹ ní kí àwọn òbí wọn san owó ère náà pátá, kí wọ́n tún un mọ. Mo ní kó jẹ́ kí n sọ ti Gustave Courbet. Ayàwòrán ni. Nígbà tí àwọn aráàlú gba ìjọba Paris, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Commune, wọ́n fa òpó ńlá tó wà ní gbàgede Vendôme lulẹ̀ lọ́jọ́ kẹrìndínlógún oṣù Karùn-ún 1871, tòun ti ère Napoleon lórí rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ tẹ́ ìgbẹ́ ẹṣin àti ẹ̀ka igi sílẹ̀ dè é. Nígbà tí ìjọba padà dé, ọrùn Courbet ni wọ́n so ó mọ́. Ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, wọ́n tún òpó náà kọ́, wọ́n wá ní òun ni yóò san án: ó lé ní 323,000 faranki, kó máa san 10,000 lọ́dún fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó ti sá lọ sí Switzerland nígbà yẹn. Ọjọ́ kìíní ọdún 1878 ló yẹ kó san àkọ́kọ́. Ó kú lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀, 31 oṣù Kejìlá 1877.

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n," ni Ọ̀dọ̀fin wí. "Kí ìlú máa gba gbèsè lọ́wọ́ òkú." Ó wá yíjú sí alága ayẹyẹ. "Àwọn òbí wọn ti san, Alága. ₦2,000 lórí ọkùnrin."

Kábíyèsí kò wá sí ìjókòó kankan, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Gbólóhùn kan ló fi rán ìránṣẹ́ sí wa: bàbá òun kò béèrè ère lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà tó wà láyé.

Ohun tá a fẹnu kò lé lórí kò gùn. Wọn ò ní pe ọlọ́pàá. Àwọn ọmọ náà yóò kó àlàpà oríta, wọn yóò sì lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọba tó wàjà, torí iná, kì í ṣe torí ère. Ọmọbìnrin náà gbà fún èyí, ó ní ó yàtọ̀. Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ yóò dá owó tírànsífọ́mà padà, bíríkìlà yóò wá sọ bí mẹ́rìndínlógún ṣe di mẹ́jọ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ìdajì owó ti wọlé, ₦4,300 wà lókè àkáǹtì náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Bíríkìlà ti kó lọ sí Èkó.

Orí náà ló kù. Ìyá alákàrà ló gbé e jáde nínú gọ́tà, ó fi omi àti kànhìnkànhìn fọ̀ ọ́, imú nìkan ló ṣí lára rẹ̀. Àwọn ọmọ ọba fẹ́ sin ín, Ẹ̀sà ní òkú wo ni wọ́n fẹ́ sin, ọba ti wà nílé àwọn baba rẹ̀. Ọ̀dọ̀fin ní ká gbé e lọ sí Èsìé, kò kúkú jìnnà, ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní 1,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ orí láìsí ara; mùsíọ́mù tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà ni, 1945 ni wọ́n ṣí i. Mo ní Bàbá, òkúta gbígbẹ́ ni tibẹ̀, sìmẹ́ńtì tó ń jábọ́ ni tiwa. Ó ní ìgbà wo ni sìmẹ́ńtì kì í ṣe òkúta.

Ọ̀gá iléèwé ló gbà á sílé, nínú yàrá tí wọ́n ń kó ọkọ́ àti àdá àwọn ọmọ sí. Wọ́n fi aṣọ àlà wé e. Nígbà tí mo lọ gba ìwé ìgbìmọ̀ padà, mo ṣí ìwé àkójọ ẹrù yàrá náà. Ọkọ́, 14. Àdá, 9. Bọ́ọ̀lù, 1, kò ní afẹ́fẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan fi bírò pupa kọ ọ́: "Bàbá, 1."